Ọ̀rọ̀ Kọ́kọ́rọ́ Ofisínà

  Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka abala yìí tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni mo máa ń bá yín sọ: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, bí a ṣe ń ka ìwé busta paga kí ọ̀gá má baà fi ọgbọ́n jẹ wákàtí mẹ́ta mọ́ni lọ́wọ́. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ irin ni mo bá wá. Ẹ má bínú. Akáńtáńtì náà máa ń fọwọ́ kan irin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àpá rẹ̀ sì wà ní àtàńpàkò mi òsì fún ẹni tó bá fẹ́ rí i.

Ohun tó fà á ni ìpàdé wa tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ gbọ́ bí ohùn ṣe ròkè. Àwọn kan ní kí a gba kọ́kọ́rọ́ ofisínà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin wa, kí a tì í pa. Àwọn ọmọ náà ní bí a bá tì í, kí a wá iṣẹ́ fún wọn. Ìyá kan sunkún. Alága ní kí a lọ sinmi, kí a wá dìbò lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sí wa, ofisínà tí à ń wí ni ilé iṣẹ́ irin kékeré kan lẹ́yìn ìlú, tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ará Itálì kan ní àdúgbò jọ ń lò, tí a sì jọ ń dá owó rẹ̀. Tábìlì irin wà níbẹ̀, fáìsì wà, ẹ̀rọ ìjórin méjì, díríìlì onídùúró kan, tornio àtijọ́ kan tó dàgbà ju àwọn ọmọ mi lọ, àti àwọn irinṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀, ó fi ń san owó ilé. Ọ̀kan ń kọ́ ìjórin kí ó lè yege ìdánwò patentino, nítorí pé ẹni tó ní patentino ìjórin lọ́wọ́ ní Friuli yìí, tí àwọn ilé iṣẹ́ irin pọ̀ sí, kì í pẹ́ kó tó ríṣẹ́. Bàbá kan ń ṣe irin fèrèsé fún ilé tó ń kọ́ sí Ìbàdàn. Kì í ṣe ibi eré rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ wa kan ń gé irin láìfi jígí bojú. Èérún irin kan ta sí i lójú. Ó fọwọ́ ra ojú, ó bomi sí i, ó dákẹ́. Ó sùn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ rí i pé ojú ọmọ pupa bí ata ṣọ̀mbọ̀, ó fà á lọ sí pronto soccorso. Dókítà yọ irin náà, ṣùgbọ́n ó ní irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún lórí ẹyinjú, ó sì ní láti ha ìdógùn-ún yẹn kúrò. Bí wọ́n bá ti wá lálẹ́ ọjọ́ kìíní ni, ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́, ó ń ríran. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ ni."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ náà bẹ̀rù àwa àgbà ju ìfọ́jú lọ.

Kí n tó sọ̀rọ̀ débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọdé wí yẹ kó kọ́kọ́ ṣí ìwé tirẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí à ń múra ayẹyẹ oṣù kẹjọ lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n ní kí n wá ohun tí a ó fi yan súyà. Mo rí àgbá epo òfìfo kan gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mọ bí akáńtáńtì ṣe fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Mo gbé e dé ofisínà, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i láàárín, mo gbé ẹ̀rọ ìgé irin, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní flessibile, tí àwọn ajórin nílé ń pè ní fáílìn. Ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì. Bàbá ará Itálì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ irin, pariwo láti ìdí tornio: "Fermo, ragioniere!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri.

Inú bí mi o. Mo ní àgbá òfìfo ni, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní kí n ṣí ìdérí rẹ̀, kí n gbóòórùn. Mo gbóòórùn. Epo ń rùn níbẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n dà á. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àgbá tó kún kọ́ ló burú jù, àgbá òfìfo ni. Epo tó bá ṣẹ́kù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tàbí tó há sí ojú ibi tí wọ́n ti so àgbá pọ̀, á máa di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ epo yẹn á pò mọ́ afẹ́fẹ́ lásán tó wà nínú àgbá. Ohun tó kù kò ju kí iná wẹ́wẹ́ kan wọlé lọ. Àgbá á bú bíi bọ́ǹbù, ìdérí rẹ̀ á fò sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Kì í ṣe pẹtiróòlù nìkan. Dísù àti epo ẹ́ńjìnnì tí a rò pé kò lè ṣe nǹkan, bí iná bá gbóná lára irin, àwọn náà á di afẹ́fẹ́. Fífi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan kò tó. Àwọn tó ń gé irú àgbá bẹ́ẹ̀ fi ṣe iṣẹ́ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ̀ ọ́, àwa kò ní in. Nílé, mo ti rí àgbá súyà tó pọ̀ tó ìràwọ̀, n kò bèèrè rí pé ta ló gé e, báwo ló sì ṣe gé e.

Mo dá àgbá padà. Mo ra páànù irin tuntun, owó mi jáde, súyà jinná. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí ẹ máa jẹ ìrẹsì òkú.

Nígbà tí mo fẹ́ ra páànù náà, bàbá yìí tún ní kí n má ra èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, irú èyí tó ń dán bí òrùlé tuntun. Bí a bá ń jó irin bẹ́ẹ̀, èéfín funfun kan máa ń jáde lára rẹ̀. Ẹni tó fa èéfín náà sínú lè má mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá di alẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara á gbóná, egungun á máa ro ó, á rò pé ibà ni. Tí ó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó lè lọ gbé oògùn ibà mì. Nílé, àwọn ajórin á ní kí o mu mílíìkì agolo. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ará Itálì náà máa ń sọ ọ̀rọ̀ mílíìkì yìí. Mílíìkì dára fún ògì, ṣùgbọ́n inú ikùn ló ń lọ, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀fóró. Fi fáìlì ha síǹkì kúrò níbi tí o fẹ́ jó, ṣí ilẹ̀kùn, tan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, fi ìbomú tó yẹ bo imú. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Lyon ka èéfín ìjórin mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, èéfín irin gbogbo, kì í ṣe ti síǹkì nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn pa nítorí òtútù tó sì ń jórin, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń ṣe. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń yọ́ fáìlì náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, èyí tó burú ju síǹkì lọ. Àwọn ohun ìfọ búréèkì mọ́tò kan wà nínú agolo tó ní èròjà kúlóríìnì nínú. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ nu irin, tí kò jẹ́ kó gbẹ tán, tó sì jó o, iná ìjórin lè sọ ọ́ di gáàsì fosgene, gáàsì tí wọ́n fi pa àwọn sójà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ ka ara agolo. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ bi ẹni tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí flessibile, nítorí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwo pẹlẹbẹ tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ ní òṣùwọ̀n eré tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwo kékeré, ti milimítà 115, máa ń gba ìyípo 13,300 ní ìṣẹ́jú kan. Àwo ńlá ti 230 kò gbà ju 6,650 lọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó rí i pé etí àwo méjèèjì ń sáré mítà 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 288 ní wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eré ọkọ̀ ojú irin Frecciarossa. Ẹ̀rọ kékeré sì ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gbẹ́ni kan láàárín wa (n kò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀, mo sì kí ìyàwó rẹ̀) tú irin ìdáàbòbò kúrò lára ẹ̀rọ kékeré kí ó lè fi àwo ńlá sí i, nítorí pé àwo ńlá ló kù nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò ni iṣẹ́ mi: ó ń fi àwo tí kò gbà ju 6,650 lọ yí ìgbà 11,000. Bí àwo yẹn bá fọ́, Frecciarossa ló ń bọ̀ wá sí ọrùn rẹ̀. Irin ìdáàbòbò tó tú, òun gan-an ni ì bá dá a dúró. Ẹ tún wo òrùka irin tó wà láàárín àwo: wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí agbára rẹ̀ tán síbẹ̀. Àwo náà ń gbó bí búrẹ́dì.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹni tó ń jórin gbọ́dọ̀ wọ ọ́. Ẹni tó wà nídìí díríìlì onídùúró tàbí tornio kò gbọdọ̀ wọ ọ́, nítorí pé ohun tó ń yí yóò ká ìbọ̀wọ́, yóò sì ká ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni ìborùn, ìdì irun gígùn, okùn káàdì ọrùn, àti apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ti ibi ìsọmọlórúkọ bọ̀, tó fi agbádá dé ìdí tornio pé òun kàn fẹ́ ṣe nǹkan kékeré kan. A lé e síta. Ó bínú, ó sì tún wà láàyè.

Iná ìjórin kì í ṣe ọ̀tá ojú ajórin nìkan. Ẹni tó ń kọjá lọ, tó kàn ṣèèṣì wò ó, lè jí lóru pẹ̀lú ojú tó dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, nítorí kì í dùn lójú ẹsẹ̀, ó di wákàtí mélòó kan. Nílé, àwọn ajórin ẹ̀bá títì ń fi jígí òòrùn lásán jórin, bí ojú bá wá dùn wọ́n, wọ́n á ní kí ìyá ọlọ́mọ fún wàrà ọmú sí i. Níbí, àwọn bàbá Itálì á ní kí o gé ànàmọ́ òyìnbó lé ojú. Dókítà ni kí ẹ lọ rí. Ní tiwa, òfin kan wà tí n kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀: kí o tó dá iná, pariwo "Ojú o!" Gbogbo èèyàn á yí ojú padà. Ó ti wọ àwọn ará Itálì lára tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá ìdí tornio náà ń pariwo "Ojú o!" báyìí, ohùn rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n bí síbí lọ.

Ọ̀rọ̀ iná kù, òun ni n kò fi ṣe àwàdà. Ẹ̀yin ará Torino, ẹ rántí òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, ọdún 2007. Ní ilé iṣẹ́ irin ThyssenKrupp, ní Corso Regina Margherita, iná ṣẹ́ yọ lórí ìlà iṣẹ́ karùn-ún. Epo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbára bú jáde, ó di iná, ó gba àwọn òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ ọn láti pa á. Ẹni méje ló kú, ọ̀kan lóru yẹn, àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó là á já sọ pé àwọn gbé ohun ìpaná tí kò ní nǹkan nínú tó. Wọ́n ti fẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà pa, kí wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Terni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ náwó lé ohun tí wọ́n fẹ́ tì. Ẹjọ́ rẹ̀ kò parí ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ títí di ọdún 2016. Mo máa ń ronú lé ọ̀rọ̀ ìnáwó yẹn gan-an, nítorí pé irú mi ló máa ń jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀."

Nítorí náà, mo lọ wo ohun ìpaná tiwa lọ́jọ́ kejì ìpàdé. Méjì ló wà. Ọ̀kan dára. Èkejì, àgbá epo kékeré àti kẹ̀kẹ́ tó fọ́ ló wà níwájú rẹ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti kọjá. Èmi ni akápò. Èmi ni mo yẹ kí n ti rí ìwé àyẹ̀wò yẹn kó tó kọjá. Mo ti pe àwọn tó ń ṣe é, wọ́n ti ṣe é, rìsíìtì wà nínú fáìlì.

Ẹ̀ta iná máa ń fò jìnnà ju bí ojú ṣe rò lọ, ó lè dé mítà mẹ́wàá, kó sì wọ inú àkísà olóróró, kó máa jó lábẹ́lẹ̀ títí gbogbo èèyàn á fi lọ sílé. Ẹni tó bá jórin tàbí tó gé irin kẹ́yìn gbọ́dọ̀ dúró, ó kéré tán ìdajì wákàtí, bí ó bá lè dúró wákàtí kan ó dára jù, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó máa wo igun ilé. Sìlíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ dúró lóòró, kí a fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, kí a ti ẹnu rẹ̀. Epo tàbí gírísì kò gbọdọ̀ kan ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn láéláé. Kì í ṣe ìlẹ̀kùn tó ń han tí à ń fi epo sí. Irin gbígbóná tí o bá fi sórí tábìlì, fi ṣọ́ọ̀kì kọ CALDO sí i. Irin tó pọ́n, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Èyí tó ti dúdú padà tó ṣì ń jóni ló ṣe àtàńpàkò mi. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, 112 ni kí ẹ pè, kì í ṣe alága ẹgbẹ́.

Ẹnìkan béèrè ní ìpàdé pé ṣé INAIL kò ní sanwó ni. INAIL wà fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá ń san owó lé e lórí. Ẹni tó ń ṣe àgbá súyà tirẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kò sí nínú rẹ̀. Òfin ààbò ibi iṣẹ́, èyí tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní "626" nítorí òfin ọdún 1994, ti di òfin 81 ti ọdún 2008. Ẹ má rò pé nítorí a jẹ́ ẹgbẹ́, kò kàn wá. Ìwé ìdánilójú tí a ń san lọ́dọọdún ní àwọn ìlà kéékèèké lẹ́yìn, mo ti kà á, ó sọ pé ẹ̀rọ tí a bá tú ohun ìdáàbòbò rẹ̀ kì í ṣe tiwọn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni àwo ńlá, ṣé o gbọ́?

Nílé, tí ẹ bá rántí, agbẹ̀dẹ kì í ṣe ilé ẹnì kan ṣoṣo. Ní abúlé ìyá mi, alágbẹ̀dẹ mẹ́ta ló ń lo owú kan náà, àwọn ọmọdé ń fin ẹwìrì, àgbẹ̀ ń kó ọkọ́ wá, ọdẹ ń kó ìbọn wá. Èèwọ̀ ni kí èèyàn jà ní agbẹ̀dẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fẹ́ mú Ògún wọ ìpàdé o, pásítọ̀ àti lèmọ́mù wa ń ka ìwé yìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn bàbá wa mọ̀ pé ibi tí iná, òòlù àti ohun mímú bá pọ̀ sí kì í ṣe ibi ìbínú. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa abúlé kan ní ìhà Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ yíyọ́ irin láti inú òkúta ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, tọkùnrin tobìnrin. Níbí náà, ẹ lọ sí Maniago, ní ìhà Pordenone, ẹ wo ilé àkójọ iṣẹ́ ọ̀bẹ wọn. Ní 1453 ni wọ́n ti gba àṣẹ láti fa omi odò Colvera wọ ìlú, omi yẹn ló wá ń gbé òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ. Omi kan, òòlù púpọ̀. Ẹ ronú bí wọ́n ṣe máa ń jà lórí rẹ̀.

Ìjà tiwa kéré sí ti omi. Ti kíní díríìlì ni. Ìwé àkọsílẹ̀ mi fi hàn pé ohun tó ń ná wa lówó jù kì í ṣe gáàsì, kì í ṣe iná mànàmáná. Àwọn ohun kéékèèké tó ń ṣẹ́, tó ń sọnù, tí ẹnikẹ́ni kò sọ, ni. Ẹnìkan ṣẹ́ ẹnu díríìlì, ó dá a padà sínú àpótí, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí ó dà bí odindi. Ẹlòmíràn wá láti òpin ìlú, ó ti lọ́ iṣẹ́ mọ́ fáìsì, kò rí ohun tó máa fi lu ihò. Èyí náà ni irú ti ojú ọmọ yẹn: ohun tó bàjẹ́, tí a fi pamọ́, tó ń dógùn-ún.

Àwọn àgbà kan dá a lábàá pé kí a máa gba owó ìtanràn, Yúúrò mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ owó láti ọgbọ̀n ọdún. Níbi tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó sọ pé owó dín, ìwé á máa pé pérépéré lójú, àpótí á sì máa gbẹ. Bí a bá ń gba mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣẹ́ nǹkan, kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ mọ́. Ohun tí èmi fẹ́ ni ìwé kan tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú bírò. Ẹni tó bá ṣẹ́ nǹkan, kó kọ ọ́. Àpò ẹgbẹ́ á rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá farapa, bó ti wù kó kéré, kó kọ ọ́ tàbí kó pe ọ̀kan nínú wa lọ́jọ́ náà, a kò sì ní gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ. Ẹni tí a bá rí tó fi pamọ́, tàbí tó tú ohun ìdáàbòbò, tàbí tó ń lo ẹ̀rọ lẹ́yìn tó ti mu bíà, ìyẹn la ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá wà pẹ̀lú flessibile tàbí tornio; kí ẹni méjì ó kéré tán wà nínú ilé. Ẹni tó jẹ́ tuntun, kí bàbá ìdí tornio tàbí ẹni tó bá yàn jókòó tì í nígbà mẹ́ta kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá ti gbà. Ó ní owó iṣẹ́ òun ni mọ́ín-mọ́ín.

Ti ariwo, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn ofisínà máa ń sùn lọ́sàn-án, láàárín aago kan sí mẹ́ta. Ẹ kò gbọdọ̀ lu irin nígbà yẹn, àti ní ọjọ́ Àìkú. Obìnrin yẹn kò tíì fi ẹjọ́ wa sùn rí, ó tún ń fún wa ní àjàrà.

Mo lọ sí ofisínà ní Sátidé tó kọjá. Ọmọ tí ojú rẹ̀ dùn ún wà níbẹ̀, ó wọ jígí ìbòjú, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọnú fóònù, ó sì ń yọjú wo ọmọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà wá jórin ni?" Ó ní òun wá ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ ni. Mo sọ fún un pé mo máa dìbò kí a ṣí i sílẹ̀. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe, kí n má yọ òun lẹ́nu. N kò yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìpàdé ìdìbò jẹ́ ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́rin ti Itálì o. Kí ẹni tí ẹnu díríìlì nọ́ńbà mẹ́fà àti ìbòjú ajórin tó ní àwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá wa mú wọn bọ̀. A kò ní bi í léèrè ọ̀rọ̀ kankan.